Táyà ẹrẹ̀ lórí títì ọlọ́dà: ohun tí ojú mi rí kí n tó pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Ìgbà tí wọ́n da ọ̀dà tuntun sí ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ mi ń pariwo. Kí wọ́n tó tún un ṣe, ta ló ráyè gbọ́ ohùn táyà? Kòtò ń gbé wa sókè, ó ń jù wá sílẹ̀, ẹrù ẹ̀yìn ń lura wọn, oníkálukú ń di ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà mú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gba orí ọ̀dà yẹn bọ̀ láti Ṣakí, tí mo tẹ̀ ẹ́ dé 80, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ ọkọ̀, hùùùùù, bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n gbàgbé láti pa. Ọmọ mi obìnrin tó ń sùn lẹ́yìn jí, ó ní, "Dádì, ṣé inú ọkọ̀ òfuurufú la wà ni?" Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Hilux ni ọkọ̀ náà, oníbẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì 2.7, fọ́ọ̀wíìlì. Ọdún 2019 ni mo rà á lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ kọngílá. Kaṣú ni mo ń rà nígbà yẹn. Láti oṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún, Òkè-Ògùn ni ibùgbé mi: Ìgbòho lónìí, Kíṣì lọ́la, abúlé tí kò ní orúkọ lórí máàpù lọ́tùnla. Òjò sì máa ń bá wa lẹ́nu rẹ̀ kí kaṣú tó tán lóko. Táyà ẹrẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà nígbà tí mo rà á, irú èyí tí wọ́n máa ń kọ M/T sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Eyín rẹ̀ tóbi bí ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n gé sí mẹ́rin, àlàfo àárín eyín kan sí èkejì sì gba àtàǹpàkò mi wọlé. Tí mo bá páàkì síwájú ilé, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò á dúró wò ó, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tá a. Kí n má parọ́, ìyẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí n tètè pààrọ̀ rẹ̀.

Nínú ẹrẹ̀, kò lẹ́gbẹ́. Àlàfo gbàgìdì yẹn ló ń ṣe iṣẹ́: bí táyà bá ṣe ń yí ló ń ju ẹrẹ̀ tó há sí i lẹ́yín nù, eyín á tún rí ilẹ̀ mìíràn gbámú. Táyà lásán, ẹrẹ̀ á kún ojú rẹ̀ dan-in-dan-in, á wá dà bí ìgbà tí èèyàn wọ bàtà tí wọ́n fi ọṣẹ pa nísàlẹ̀. Mo ti kọjá lára lọ́rí tó rì lọ́nà oko fún ọjọ́ méjì, tí awakọ̀ rẹ̀ ń dáná ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mo sì juwọ́ sí i.

Àmọ́ ní 2022, mo fi kaṣú sílẹ̀. Mo gba ṣọ́ọ̀bù sí Bódìjà, oúnjẹ adìẹ ni mo ń tà níbẹ̀. Láti Mọ́níyà, mo gba Ọ̀jọ́ọ̀, mo dé Bódìjà. Láàárọ̀ mo já àwọn ọmọ sílé ẹ̀kọ́, nírọ̀lẹ́ mo kó wọn padà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, bóyá, ni mo ń lọ ra àgbàdo lókè lọ́hùn-ún. Kò sí ẹrẹ̀ lọ́nà Bódìjà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni gosíló, Márúwá, àti takisí Míkrà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ epo dé. Ní oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́, epo tí a ń rà ní ohun tí kò tó ₦200 fò sókè dé nǹkan bíi ₦500, kí oṣù keje tó parí ó ti kọjá ₦600. Gbogbo ẹni tó ń wakọ̀ ló di oníṣirò. Èmi náà mú ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́, mo ń kọ iye lítà tí mo rà sílẹ̀. Ìlọbọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ń jẹ tó lítà 55. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní irú Hilux kan náà, tó ń lọ tó ń bọ̀ jù mí lọ, kò rà tó bẹ́ẹ̀. Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì: a pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, a fọ ẹnu ẹ́ńjìnnì, a wo fílítà. Owó lọ, epo kò dín. Kò sẹ́ni tó wo ìsàlẹ̀ nínú àwa méjèèjì.

Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ló là mí lójú. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi títì ṣe bí ẹni ń wọ́n omi. Mò ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lápá Ọ̀jọ́ọ̀, mi ò sáré, bíi 50 ni. Míkrà kan níwájú mi rí èrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe, ó dúró gbọnrangandan. Mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ kò dúró. Kì í ṣe pé bíréèkì kò mú, mò ń gbọ́ ọ tó ń gbọ̀n gìrìgìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń yọ̀ lọ bí ẹni tó tẹ ọbẹ̀ ilá mọ́lẹ̀. Mo fa sítíárì sápá ọ̀tún, táyà iwájú gun ẹnu gọ́tà, ibẹ̀ ló ti dúró. Iwájú ọkọ̀ mi àti bọ́ọ̀tù Míkrà náà kò jìnnà síra tó ìwọ̀n apá kan. Awakọ̀ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú òjò, ó wo iwájú ọkọ̀ mi, ó wò mí. "Ọ̀gá, pẹ̀lú táyà ńlá báyìí?"

Táyà ńlá yẹn gan-an ni wàhálà. Lọ́jọ́ kejì ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Alátáyà, fọ́kánáísà tó ti ń bá mi lẹ táyà láti ìgbà tí mo ti dé Mọ́níyà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó máa ń fi rédíò kékeré kọ́ ọrùn pọ́ńpù rẹ̀. Ó gbọ́ ìròyìn mi tán, kò sọ nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà lọ síwájú, ó tún rà á padà sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ gbé ọwọ́ yín wá." Mo rà á síwájú, ó dán. Mo rà á sẹ́yìn, ó ń kọ́ mi lọ́wọ́ bí eyín ayùn. Ó ní títì ló ń jẹ eyín yẹn lápá kan, tó ń dá èkejì sí. Ìdí nìyẹn tó fi ń ké. Táyà tuntun irú rẹ̀ náà máa ń ké díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti jẹ báyìí, igbe rẹ̀ á di ìlọ́po méjì.

Ó wá sọ ti òjò. Ó fi ìka hàn mí bí eyín kọ̀ọ̀kan ṣe dán, tí kò ní gbẹ́rẹ́ kankan lára. Gbẹ́rẹ́ ló pè é, mi ò sì tí ì rí orúkọ tó dára jù ú lọ: àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń sín sójú táyà títì, tó ń la omi kí rọ́bà lè kan ọ̀dà. Táyà ẹrẹ̀ kò ní púpọ̀ nínú ìyẹn, àlàfo ló gba ojú rẹ̀, nítorí náà rọ́bà tó ń fọwọ́ kan títì kò tó nǹkan. Nínú ẹrẹ̀, àlàfo ni oògùn. Lórí ọ̀dà tó tutù, àlàfo yẹn náà ni àìsàn.

Lẹ́yìn náà ló tú ọkàn mi ká pátápátá. Ó fi aṣọ tútù nu ẹ̀gbẹ́ táyà, lápá inú, níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin ló gbẹ̀yìn: 3516. "Ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì, ọdún 2016," ni Bàbá wí. "Ọ̀gá, táyà yìí ju àbígbẹ̀yìn yín lọ." Òótọ́ ni, 2017 ni wọ́n bí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti là wẹ́wẹ́ bí gìgísẹ̀ ẹni tí ọ̀yẹ́ mú. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń wo eyín rẹ̀ tó ga, tí mò ń sọ pé ó ṣì kù. Eyín kọ́ ni ọjọ́ orí. Rọ́bà tó ti gbó á le, èyí tó ti le kì í mú ilẹ̀ mọ́.

Ó kù síbì kan. Wọ́n kọ LT265/70R17 sára táyà mi, 121/118Q. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, 265/65R17 ló wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó tà á fún mi ti fi táyà tó ga sí i. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn: 265 ni ìbú táyà ní mìlímítà, 65 tàbí 70 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìbú yẹn, 17 ni ríìmù; ríìmù ínǹṣì 17 jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 432; tí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ táyà lókè àti nísàlẹ̀ kún un, 65 máa ń fún yín ní bíi 776, 70 á fún yín ní bíi 803. Ìyàtọ̀ yẹn lé díẹ̀ ní 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé tí ojú mítà bá ń sọ 100, 103 ni mò ń sá. Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé kìlómítà tí mítà ń kà fún mi kò tó èyí tí mo rìn, nítorí náà ìṣirò epo mi tí mò ń fi ṣe àfiwé pẹ̀lú ti ẹ̀gbọ́n mi burú ju bó ṣe rí lọ. Ó ṣì burú, ṣùgbọ́n kò burú tó yẹn. Mo tún wá mọ̀ pé táyà tó ga jù yẹn ló ń ha lábẹ́ ọkọ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá yí sítíárì dé ìpẹ̀kun. Bẹ́árìn ni mo ti rò pé ó jẹ́, mo ti pààrọ̀ ọ̀kan nítorí rẹ̀!

121 yẹn, ẹrù tí táyà kan lè gbé ló ń sọ: 1,450 kílò. Q ni eré rẹ̀, 160 kìlómítà ní wákàtí kan. Èyí tó bá ọkọ̀ mi mu, 112S, táyà kan ń gbé 1,120 kílò, eré rẹ̀ 180. Mẹ́rin nínú rẹ̀ lè gbé ju tọ́ọ̀nù mẹ́rin lọ, ọkọ̀ mi àti ẹrù tó gbọ́dọ̀ gbé kò sì ju nǹkan bíi mẹ́ta. Gbogbo agbára tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹrẹ̀ yẹn, ẹ̀yìn ìyàwó mi ló ń jìyà rẹ̀ nínú kòtò.

Mo gbà pé kí n pààrọ̀. Ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí: méjì ni mo rà. Owó kò sí. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ pé kó máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀, táyà sì jẹ́ ohun tó ń wá láti òkè òkun. Táyà Dunlop tí bàbá mi fi ń rìn, Ìkẹjà ni wọ́n ti ń ṣe é. Michelin ń ṣe tiwọn ní Port Harcourt títí di 2007. Dunlop dá tirẹ̀ dúró ní 2008. Láti ìgbà náà, bí dọ́là bá sín, táyà á dá a lóhùn. Nítorí náà mo ra méjì tuntun, A/T, èyí tó wà láàárín ti títì àti ti ẹrẹ̀, ní 265/65R17 gan-an. Mo fi wọ́n sẹ́yìn, mo fi àwọn àgbà sílẹ̀ níwájú. Bàbá Alátáyà ní, "Ọ̀gá, bàtà ọ̀tọ̀, sálúbàtà ọ̀tọ̀?" Mo ní kó jẹ́ kí n rí oṣù yìí ná.

Oṣù kẹwàá, mo lọ ra àgbàdo lẹ́yìn Ìgbòho. Òjò ti kọjá níbẹ̀ lóru. Mo ti ọ̀pá sí fọ́ọ̀wíìlì, 4H, mo gba inú ẹrẹ̀ kọjá láìsí wàhálà. Mo bọ́ sórí ilẹ̀ yangí tó le, mo gbàgbé láti fà á padà. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tí wọ́n so okùn mọ́ lẹ́yìn. Mo fẹ́ yà sọ́nà ilé onílé kan, ó ń ta kún-ún, kún-ún. Mo fa ọ̀pá, kò gbà. Mo tún fà á, ó dúró bí òpó.

Mo pe mẹkáníìkì mi. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni, "Sà, ṣé táyà yín dọ́gba?" Mo dákẹ́. Ó ṣàlàyé fún mi pé fọ́ọ̀wíìlì irú tiwa yìí, bí a bá ti kì í bọ 4, ńṣe ni wọ́n de iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀ kí wọ́n máa yí bákan náà. Táyà kékeré gbọ́dọ̀ yí ju táyà ńlá lọ kí wọ́n tó rin ìrìn kan náà. Àwọn tèmi tó wà níwájú ti jẹ díẹ̀, ìyàtọ̀ kò tó ti inú ìwé mọ́, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Nínú ẹrẹ̀, táyà ń yọ̀, ìjà náà ń rí ibi sá sí. Lórí ilẹ̀ tó le, kò síbi tó máa gbà, irin ni yóò máa lọ́ mọ́ irin. Ó ní bí táyà tiẹ̀ dọ́gba pàápàá, mi ò gbọ́dọ̀ fi 4H yà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó ní kí n fi rìfáàsì rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Mo rin bíi ẹsẹ̀ bàtà ogún, mo gbọ́ gbàgà! lábẹ́ mi, ọ̀pá sì bọ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí ju ti Ọ̀jọ́ọ̀ lọ, nítorí mo mọ iye tí gíábọ́ọ̀sì ń lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ahun ń náwó, mo ti wá di ẹlẹ́rìí. Síbẹ̀, mo tún gbìyànjú ọgbọ́n ahun kan sí i. Mo ní kí n wá méjì tó kù ní tòkunbọ̀. Ọkùnrin kan tó ń tà á lẹ́bàá títì ní méjì tó bá nọ́ńbà mi mu, wọ́n dúdú mìrìn-mìrìn, eyín wọn jinlẹ̀. "Alhaji, ẹ fọkàn balẹ̀, Bẹ́ljíọ̀mù ni." Mo dúpẹ́ pé mo mú Bàbá Alátáyà lọ. Ó yí táyà náà, kò sí nọ́ńbà mẹ́rin lápá ibẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí. Ó yí i sódì kejì, ọdún mọ́kànlá. Kò tíì tán. Ó ní kí n fi ìka wá òkè kékeré tó máa ń wà nísàlẹ̀ àlàfo eyín, èyí tí wọ́n fi sí i pé bí eyín bá jẹ dé ibẹ̀, ó ku mìlímítà 1.6, ẹ yọ táyà. Mo wá a títí, kò sí. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ eyín tuntun sára táyà tó ti kú, wọ́n gbẹ́ òkè yẹn náà dànù. Níbì kan, mo rí òwú tó ń yọjú láti inú rọ́bà. Bàbá kò bá ọkùnrin náà jà. Ó kàn kí i pé ó dàárọ̀, a sì lọ.

Oṣù kìíní 2024 ni mo ra méjì tó kù, tuntun, irú kan náà. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba owó ọmọ màlúù kan lọ́wọ́ mi, ẹ má bi mí léèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Alátáyà fi omi ọṣẹ pa etí ríìmù, ó fi irin méjì tì í wọlé, ó fẹ́ ẹ títí etí táyà fi dún gbà! gbà! tó jókòó. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ fún nọ́ọ̀tì ní yíyípo bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Bàbá gbá a lọ́wọ́, ó ní kó máa fo ọ̀kan, kó fún ti òdìkejì, kí ríìmù lè jókòó dọ́gba. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mo padà wá kí wọ́n tún un fún. Mo sì gbé e lọ fún bálánsì àti aláínímẹ́ǹtì níbòmíràn, wọ́n lẹ òjé mọ́ ríìmù, wọ́n tún ojú táyà iwájú tó ń wo gọ́tà ṣe.

Ibi kan ṣoṣo tí èmi àti Bàbá ti jiyàn ni atẹ́gùn. 40 ló máa ń fẹ́ sí gbogbo ọkọ̀, ìbáà jẹ́ Míkrà ìbáà jẹ́ Hilux. Mo fi ìwé ẹnu ilẹ̀kùn hàn án: 29, níwájú àti lẹ́yìn. Ó ní àwọn tó kọ ìwé yẹn kò rí kòtò Ìbàdàn rí. Mo ní táyà tó le bí òkúta kì í mú títì lójò, àárín rẹ̀ nìkan ló máa jẹ. A pàdé ní 32. Mo ra gééjì tèmi, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà. Láàárọ̀ kí n tó gbéra ni mo máa ń wọ̀n ọ́n, kí táyà tó gbóná.

Ariwo ti lọ sílẹ̀ gan-an, kò tán. A/T náà ní ohùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n a lè gbọ́ rédíò. Epo ọ̀sẹ̀ kan dín ní lítà mẹ́fà tàbí méje. Nínú òjò, bí mo bá tẹ bíréèkì, mo ń mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ pé táyà fọwọ́ kan ilẹ̀. Mo pàdánù nǹkan kan náà o. Nínú òjò ọdún 2024, mo rì lójú ọ̀nà oko tí táyà àtijọ́ ì bá gbà kọjá tó ń kọrin. Mo sọ atẹ́gùn kalẹ̀ sí 20 kí ojú táyà lè fẹ̀, àwọn àgbẹ̀ mẹ́rin tì mí, a jáde. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Bọ̀dá, àwọn táyà yín ńkọ́?" Wákàtí kan ni mo pàdánù, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Mo fara mọ́ ọn.

Ẹsítírà tó wà lábẹ́ ọkọ̀ nìkan ló kù. 265/70 ni òun náà, àgbà bíi tàwọn ìyókù. Bàbá ti kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá fi dí táyà tó bá jò, ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà tó súnmọ́ jù ni kí n fi dé, kí n má fọwọ́ kan fọ́ọ̀wíìlì rárá. Mo ti ń kó owó ẹ̀karùn-ún jọ sínú agolo kan ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi mọ̀ pé agolo náà wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi tètè kún.